Ohùn Alàgbà Adéṣínà

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ tí Hajarat ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn Alàgbà Adéṣínà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀. Òun ni ọ̀gá wọn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ débi pé àwọn tó wà lójú títì ń gbọ́ ọ. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò kí oníkálukú ní orúkọ rẹ̀, bó bá sì kan Hajarat, a ní, "Hájárà ọmọ mi, ṣé o ti kírun? Èmi náà ti gbàdúrà tèmi. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Kò pẹ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Hajarat a máa lọ wò ó, a sì máa sunkún nínú ọkọ̀ bọ̀ wálé.

Ní báyìí, inú ẹ̀rọ ni gbogbo ìwé ilẹ̀ wà. Fọláhànmí ló ń bójú tó o, ọmọbìnrin tó kàwé kọ̀ǹpútà, tó ṣì ń gbé Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ìgbà tó wà nílé ìwé. Kò sí ìpàdé tí kì í tún un sọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà ìwọlé tí ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Kódà bó jẹ́ ọ̀gá ni."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù Hajarat dún.

"Hájárà ọmọ mi."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá? Ọ̀gá mi! Ẹ ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ọlọ́run ti ṣe é. Mo fẹ́ wo ìwé ilẹ̀ mi nínú ẹ̀rọ yín, kò jẹ́ kí n wọlé. Nọ́ńbà kan máa dé sórí fóònù rẹ báyìí. Bá mi kà á."

Ó kà á. Ẹkún ayọ̀ kò jẹ́ kó ríran. Ó ní láti nu ojú kó tó kà á parí. Ó fẹ́ béèrè bí ara ṣe yá, ṣùgbọ́n ìpè ti já. Ló bá pe ìyàwó Alàgbà, Màmá Martha, láti bá a yọ̀.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" ni Màmá wí. "Ọ̀gá rẹ ló jókòó níwájú mi yìí. Ẹ̀kọ ni mo ń fún un mu. Kò tíì lè pe orúkọ mi, Hajarat."

Hajarat sáré wọ yàrá Fọláhànmí. "Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún olè."

Fọláhànmí kò bú u. Ó kọ́kọ́ ti ẹ̀rọ náà pa, kí ẹnikẹ́ni má lè wọlé, ó wá ń wá ohun tí olè ti fọwọ́ kàn. Orúkọ àwọn onílẹ̀ kan ní ìlú Ìrẹsà ti yí padà. Ọpẹ́ ni pé ó ní ẹ̀dà tó tọ́jú síbi tí kò so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ̀rọ fi wà ní títì, àwọn àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ ń wá, wọ́n ń padà lọ́wọ́ òfo, Hajarat ló sì ń jáde lọ bẹ̀ wọ́n.

"Níbo ni wọ́n ti rí ohùn ọ̀gá?" ló béèrè.

"Fídíò ìfẹ̀yìntì wọn wà lórí Facebook, mà. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti pè yín lọ́mọ. Ẹ̀rọ wà báyìí tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ohùn èèyàn díẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó sọ, ohùn ẹni náà ló máa fi sọ ọ́."

Nípàdé, ọ̀gá tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Saifudeen, ní kí wọ́n kúkú padà sí fáìlì. Hajarat dìde.

"Mo fẹ́ràn ayé fáìlì, sà. Bó bá ṣeé padà sí, ǹ bá ti padà. Ṣùgbọ́n òjò jò sórí fáìlì, ikán jẹ ìyókù. Àwọn kan ò rí ìwé wọn títí dòní. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wà. Kí ẹnì kan ṣoṣo má lè dá yí orúkọ onílẹ̀ padà ni. Bí ọ̀gá bá sì pè, ká gé ìpè náà, ká pè wọ́n padà sórí nọ́ńbà tá a mọ̀."

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nìyẹn.

Ní Sátidé, Hajarat lọ sílé Alàgbà ní Ọ̀yọ́. Fóònù rẹ̀, tó máa ń gba ìpè sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ti gba ọ̀rọ̀ olè náà sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n gbọ́," ni Màmá Martha wí.

"Ohùn olè ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Alàgbà gbé orí sókè. Màmá fi etí ìró bojú. Kò tíì parí tí Alàgbà fi gbé ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń jù ú pé kí wọ́n pa á. Hajarat pa á, ó sì nù ún kúrò nínú fóònù.

Màmá wá mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó wá fídíò ìfẹ̀yìntì náà. Alàgbà ló dúró nínú agbádá aláwọ̀ sánmà, tó ń dá gbogbo ọ́fíìsì lápàárá, àwọn tó ti kú nínú wọn náà ń rẹ́rìn-ín. Hajarat fara ti ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó. Nígbà tó parí, Alàgbà na ìka sí fóònù náà, pé kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.