Iná Gáàsì Láàárín Ààrò Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, mo kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń mú ọkà hù láti inú ilẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí iná ilé wa kú. Bí ẹ bá ti ríbi jókòó sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Rúùtù fún yín.

Opó ni Rúùtù ní Òmù-Àrán. Ìlú Òrò ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí ọkà bàbà. Nínú agboolé wọn, bí ọkà bá ti wọlé tán lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá mú, àwọn ọmọ ilé a wá láti Ìlọrin, láti Èkó, láti ibi gbogbo, kí wọ́n lè jọ jẹ, kí wọ́n sì jọ mu. Obìnrin tó bá pọn ọtí ọjọ́ náà ni í gbé igbá àkọ́kọ́. Òun ni í gbàdúrà sórí gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan nǹkan. Àgbà ọkùnrin kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọdún tí Rúùtù ń wá ọmọ, tí àwọn kan ń wò ó bí àlejò nínú ilé, ìdí igbá yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. Títí Ọlọ́run fi fún un ní Rótìmí, kò fi igbá náà sílẹ̀. Lẹ́yìn Rótìmí náà, kò fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọtí bàbà kì í ṣe ọbẹ̀ tí à ń sè wéré. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni iná rẹ̀ ń jó, èéfín igi a sì máa wọ ojú ẹni tó bá ń dáná. Lọ́dún yìí, dókítà ojú ní Ìlọrin tanná sí i lójú, ó wò ó títí, ó mi orí.

"Ìyá, èéfín ti jẹ ojú yìí. Bí ẹ bá tún ń fẹ́ iná igi, ẹ̀ ń fi ẹnu ara yín fẹ́ fìtílà ara yín pa ni."

Ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rẹ̀ délé. Fọlárìn, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ti di olórí ilé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, pè é sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ fi ìdí ààrò sílẹ̀ fún Caroline. Òun ni yóò máa pọn ọtí, òun ni yóò sì máa gbé igbá."

Caroline, ìyàwó Fọlárìn, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nítòsí. Ó gbé orí sókè. "Èmi? Ojú tèmi, ṣé ojú ewúrẹ́ ni?"

"Bá ẹ̀wà rẹ lọ!" ni Fọlárìn wí.

"Bàbá Success," Rúùtù dá Fọlárìn lóhùn, "mi ò ní fi í sílẹ̀. Màá ra bọ́nà ńlá tí iná gáàsì ń gbà jáde, àti ìkòkò tó bá a mu. Ìta náà ni màá ti máa pọn ọ́n. Èéfín nìkan ni kò ní sí."

Fọlárìn rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Gáàsì! Ọtí ìyá wa? Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ ni? Obìnrin tó bá kúrò nídìí ààrò mẹ́ta ti kúrò nídìí igbá. Ààrò mẹ́ta ni kì í dọbẹ̀ nù, ìyá Rótìmí. Bọ́nà ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín yín á dà á nù lójú gbogbo ọmọ."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ kúrò nídìí ààrò?"

Ó dìde, ó wá okùn òwú kan, ó lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí ààrò mẹ́ta tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi amọ̀ mọ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àárín wọn. Caroline tẹ̀ lé e.

"Ìyálé mi, kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

"Ibi tí iná máa jókòó sí." Ó ta kókó sí okùn náà, ìkan fún fífẹ̀, ìkan fún gíga. "Bí bọ́nà bá lè wọ àárín ààrò, ààrò náà ni yóò gbé ìkòkò bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀. Bọ́nà á kàn máa jó lábẹ́ rẹ̀. Wọ bàtà rẹ, Àjàṣẹ́ là ń lọ."

Ní Àjàṣẹ́-Ìpo, obìnrin kan tó ń jẹ́ Asisat ń ta ìkòkò àti nǹkan gáàsì. Bó ṣe rí wọn, ó fa ìkòkò gíga kan jáde tó ń dán bíi dígí.

"Èyí ni gbogbo èèyàn ń rà, ìyá mi."

"Ó mà wuyì o!" ni Caroline wí.

Rúùtù fi ìka kàn án nídìí. Ó dún pẹ́nrẹ́n. "Ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Kí ọkà tó hó nínú rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á ti jóná mọ́ ọn." Ó na ọwọ́ sí igun ilé ìtajà, níbi tí ìkòkò irin kúkúrú kan gbé jókòó, tó gbòòrò, tí eruku ti bò. Ó gbá a. Ó dún gbì. "Èyí ni tèmi."

"Ìyẹn tó burẹ́wà? Àwọn tó ń se ìrẹsì ìnáwó kì í wò ó. Kí lẹ fẹ́ sè nínú ẹ̀ gan-an?"

"Ọtí ni."

"Àsítáfùlúláì!" Asisat fọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá yìí, ṣé ẹ ò lè parọ́ fún mi ni? Kí ẹ ní ẹ̀kọ lẹ fẹ́ dá."

"Mi ò lè tìtorí ìkòkò parọ́. Ọtí ni mo fẹ́ pọn, àdúrà ni màá fi gbé e fún ilé ọkọ mi."

Asisat wò ó, ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀. "Ó dáa. Ìkòkò ni mo ń tà, ìkòkò kì í sì í mutí."

Ó wá ku bọ́nà. Èyí tí Asisat kọ́kọ́ gbé wá ga lẹ́sẹ̀ bí ẹyẹ odò. Rúùtù fi okùn wọ̀n ọ́n, ó kọ̀ ọ́. Èkejì kúrú, ó sì ní òrùka iná mẹ́ta.

"Ẹ tan án fún mi. Níta, nínú afẹ́fẹ́."

"A kì í tan ọjà kí wọ́n tó sanwó, ìyá mi."

Rúùtù kò bá a jiyàn. Ó dojú ìkòkò burẹ́wà náà dé ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, ó jókòó lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́. Oníbàárà kan dé, kò rí ọ̀nà gbà wọlé. Òmíràn náà dé, ó dúró ń wò.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́!"

"Tan iná, màá dìde."

Asisat tan án. Ọyẹ́ gbá iná náà, ó tẹ̀, ó tún nàró, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà kúrò ní búlúù. Rúùtù dìde lórí ìkòkò, ó fi okùn wọn bọ́nà náà. Gíga rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta díẹ̀ kọjá kókó òwú. Wẹ́dà kan tó ń jó irin wà ní òdìkejì títì.

"Kí ó gé ẹsẹ̀ tó yọ yẹn."

Caroline di apá rẹ̀ mú. "Ìyálé mi, bí ẹ bá gé e, ẹ ò ní lè dá a padà mọ́ o!"

"Ta ló fẹ́ dá a padà?"

Nígbà tó di ọjọ́ pípọn ọtí, Fọlárìn gbé àga síta láàárọ̀, ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ wo ìjàkadì. Rúùtù ti rẹ ọkà, ó ti hù, ó ti gbẹ, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ó gbé sílíńdà gáàsì sẹ́yìn ògiri, jìnnà sí iná, ó fa rọ́bà rẹ̀ gba ẹnu ààrò níbi tí wọ́n ti ń ki igi bọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bọ́nà wọ àárín ààrò wẹ́kú. Ìkòkò jókòó lórí ààrò mẹ́ta, kò mì.

Ó tanná. Iná gbà. Ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá gba ẹnu ààrò náà wọlé lójijì, iná tẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ kú.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Fọlárìn pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbé igbá fún Caroline!"

Rúùtù kò wẹ̀yìn. Àpáàdì ńlá kan wà lẹ́bàá ògiri, ara ìkòkò amọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń pọn ọtí kó tó fọ́. Ó gbé e, ó fi dí ẹnu ààrò, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí iná lè máa mí. Iná nàró. Kò pẹ́ tí ọkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Fọlárìn jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kan án lórí, ó sì gbé àga rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́, tí ọtí ti wú, gbogbo ilé pé sí àgbàlá. Fọlárìn ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun kí òun tọ́ ọ wò. Ó gbé e mì, ó fajú ro.

"Kò ní òórùn èéfín bíi ti ìyá wa."

"Èéfín kọ́ ni ìyá wa fi ń pọn ọtí, Bàbá Success. Ọkà ni."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn ọmọ. Fọlárìn mú igbá àkọ́kọ́, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀. Caroline fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ọwọ́ mi dọ̀tí," ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni.

Rúùtù nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ lọ wò ó. Orí ààrò mẹ́ta ni ìkòkò náà ṣì wà. Ta ló kúrò nídìí ààrò?"

Ó gba igbá lọ́wọ́ Fọlárìn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, nítorí ilé ọkọ ni ilé ọkọ ń jẹ́, ó sì dìde dúró ṣánṣán. Orúkọ Fọlárìn ló kọ́kọ́ dá. Ó tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un, ó tọrọ ìlera. Lẹ́yìn náà ló ń pe àwọn yòókù níkọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọdún tó ti kọjá, ojú rẹ̀ a ti wú, omi a máa dà lójú rẹ̀, ohùn nìkan ni yóò fi dá àwọn ọmọ mọ̀. Lọ́dún yìí, nígbà tí gbogbo wọn dijú, Rúùtù kò dijú tirẹ̀. Ó lajú sílẹ̀ gbàdúrà, ó sì ń wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan bó ti ń dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, iná orí ààrò yín kò ní kú. Ohun tí Ọlọ́run gbé lé yín lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò ní fi ọgbọ́n gbà á. Ẹ ó fi ojú yín rí àwọn ọmọ tí ẹ̀ ń gbàdúrà fún, ní àlàáfíà. Àmín.