Ọ̀gá Awò Ń Wá Àdúgbò

Ẹ̀yin náà ti fura: ọkùnrin tó bá ń pariwo fún gbogbo ayé pé torí ọmọ lòun ṣe ń kó kúrò nílé, torí ara rẹ̀ ló ṣe ń kó. Mi ò ní bá yín jiyàn.

Iṣẹ́ awò ojú ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan láàárín ilé ìfọṣọ àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ló ti ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò, tó ń gé díńgí, tó sì ń tún apá awò tó bá dá ṣe. Ọ̀gá Awò ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun sì gbà pé "Ọ̀gá" ló ṣe pàtàkì jù nínú orúkọ náà. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ẹyinjú yín ná kó tó dáhùn, bí ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀yin kò tíì mọ̀ nípa ara yín.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì máa wọ ilé ẹ̀kọ́ ní sáà tó ń bọ̀. Nílùú wọn, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ládùúgbò ẹni ni ọmọ ẹni ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dára, àfi kó lọ gbé nítòsí rẹ̀. Ẹlòmíràn á béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí, á ní kí ọmọ kan ka ìwé sí òun létí. Ọ̀gá Awò kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣe ló ń lọ dúró sẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn òmíràn nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ojú àwọn ọmọ. Láti kékeré ló ti gbà pé ìwé kíkà ló ń ba ojú jẹ́, àti pé ẹni tó bá ti wọ awò, orí rẹ̀ pé.

"Mo ti rí i!" ló wí lọ́jọ́ kan, kò tíì bọ́ bàtà. "Èyí tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo wọn ló wọ awò! Kódà èyí tó ń fa ìka mu níwájú géètì."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán kọ́tìnì fún àwọn èèyàn, kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ̀ẹ́n. Ṣé awò ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ni?"

"Ìwé ni wọ́n ń kà, obìnrin yìí! Ti ibí ńkọ́? Bí wọ́n ṣe ń jáde, bọ́ọ̀lù ni. Ojú wọn ń dán bíi ti ológbò. Kí ni wọ́n ti kà rí?"

"Ojú tèmi náà ń dán o. Ṣé òpè lẹ wá fẹ́ sílé ni?"

"Tìrẹ yàtọ̀."

"Mo dúpẹ́ o, olówó orí mi."

Ọ̀gá Awò ní bọ́ọ̀sì ló ń gbé àwọn ọmọ náà wá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú, ó dájú pé àwọn èèyàn ńlá ló ń du ibẹ̀. Ó ní kò sí ìkankan nínú wọn tó ra awò lọ́wọ́ òun rí, ó dájú pé àwọn òbí wọn ga ju àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù òun lọ. Gbogbo ohun tó yẹ kó ta á lólobó ló sọ di ẹ̀rí. Ó ti ń rí ara rẹ̀ ní ìpàdé òbí, láàárín àwọn ọlọ́lá tí awò ń dán lójú wọn, tí wọ́n ń yọ́ bi í léèrè pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ọ̀tún yìí ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè lọ́wọ́ wọn ná," ni ìyàwó wí, "ká tó tú ilé."

"Ká lọ dúró níwájú wọn bí ará oko? Ojú ni iṣẹ́ mi. Ohun tí mo bá ti rí, mo ti rí i nìyẹn."

Wọ́n kó. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní yàrá kan tí oòrùn ń wọ̀ dáadáa, níbi tí ìyàwó ti ń ránṣọ. Èyí tí wọ́n kó sí wà lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin. Ẹ̀rọ ìránṣọ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, á kọ́kọ́ gbé kọ́tìnì oníkọ́tìnì kúrò lọ́nà. Alágbàtà tó bá wọn wá ilé náà ti sọ fún wọn pé wọ́n á máa gbọ́ agogo ilé ẹ̀kọ́ náà láti ilé ìdáná. Kò parọ́. Wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, wá kí wọn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, torí kò síbi tó máa jókòó.

"Àbúrò mi, ta lo ń sá fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè mọ̀. Àdúgbò àwọn ọ̀mọ̀wé nìyí."

Nísàlẹ̀, wọ́n lu irin gbàn-ìn, gbàn-ìn.

"O ní kí ni?"

"Mo ní àdúgbò ọ̀mọ̀wé!"

"Mo gbọ́ wọn. Ìyàwó wa, ṣé ò ń rí oorun sùn báyìí?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Àǹtí, wọ́n ti fi ilé wa fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gba ọmọ mi níbí, mo fara mọ́ irin. Bí wọn ò bá wá gbà á..." Ó fi eyín já òwú.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, Ọ̀gá Awò ṣe ohun tó rò pé kò sí bàbá mìíràn tó lè ṣe é. Ó mú férémù pupa kékeré kan, ó gé díńgí lásán sí i, díńgí tí kò sọ nǹkan di ńlá, tí kò sọ ọ́ di kékeré, ó sì fi wọ ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà má bàa dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́.

"Dádì, ó ń yún mi nímú."

"Bí ọgbọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Má yọ ọ́."

Ó wọ kóòtù, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin àgbà kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Àwọn ìwé onílẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Awò rí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó ní ìwé tí wọ́n ń lò níbẹ̀ mà tóbi o.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Dókítà wo ló darí yín síbí?"

"Dókítà kẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, mà."

"Ó dáa. Kí lẹ rí?"

Ọ̀gá Awò na ọrùn. "Ojú rẹ̀ dá ṣáká, mà! Nínú gbogbo ojú tí mo ti yẹ̀ wò, mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Obìnrin náà rọra bọ́ awò lójú ọmọ, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ọmọ náà fi ìka ha imú rẹ̀, ara tù ú.

"Mọ́mì, ẹ wò ó," ló wí, ó nawọ́ sí òdìkejì pápá, "eṣinṣin kan wà lórí agogo yẹn. Ó ń fọwọ́ ra ọwọ́."

Ìyá rẹ̀ wo pápá, kò tilẹ̀ rí ibi tí agogo wà. Ó wá yí ojú sí ọkọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi awò náà lé Ọ̀gá Awò lọ́wọ́.

"Àwọn ọmọ tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran ni ìjọba ń kó wá sọ́dọ̀ wa, sà, láti gbogbo ìlú. Ọmọ tó bá ríran dáadáa, a kì í gbà á."