Fọ́tò Ọ̀gá Àwọn Nọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yìí gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ẹ ṣáà bi í léèrè àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Kò sí aláìsàn tí kò tíì fi fọ́tò tí àbúrò náà yà hàn: bàbá arúgbó tó sùn lọ sórí ìwé ìròyìn, ọmọdé aláìléyín iwájú tó ń rẹ́rìn-ín sí ajá. Ọdún méje ni àbúrò fi ka mítà iná láti ojúlé dé ojúlé, tí kámẹ́rà ń fì lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Nígbà tó yá, ó gba ìsinmi oṣù mẹ́ta, ó ti bẹ́ẹ̀dì tó wà ní yàrá iwájú nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì sọ yàrá náà di ilé ìyafọ́tò. Oníbàárà tó wọlé kò pé márùn-ún. Ìsinmi ti ń tán lọ, olórí wọn sì ti ránṣẹ́ pé bí kò bá padà sídìí mítà lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn á fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Àbúrò ti ń wá ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ kiri.

Nọ́ọ̀sì ò gbà kó padà. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ fẹ̀yìn tì, fọ́tò àwọn ọ̀gá mẹ́fà tó ti jẹ ṣáájú sì wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Tirẹ̀ ló kù.

"Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi yà yín, mà," nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. "Bí kò bá dáa, ẹ má gbà á."

Ọjọ́bọ̀, tí Ẹtì ku ọ̀la, ni Ọ̀gá dé ilé ìyafọ́tò náà. Ó wo àbúrò látòkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ò jẹ́ kí etí wa sinmi. Wọn kì í fini joyè àwòdì kéèyàn má lè gbádìẹ o. Yà á, ká rí i."

Ó jókòó, ó na ẹ̀yìn gbọọrọ, ó wo kámẹ́rà bí ẹni ń wo nọ́ọ̀sì tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àbúrò yà á, ó tún un yà. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fẹyín hàn, ó ń fọwọ́ júwe.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, mà!"

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Àbúrò ò wo ojú Ọ̀gá mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń tẹ́ etí aṣọ ara rẹ̀ ṣáá bíi pé ó ń wá iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn," ó ní, ó sì na aṣọ funfun kan sí i.

Ìdààmú ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ronú. Kò ká igun aṣọ bí wọ́n ṣe ń ká a nílé ìwòsàn, ó kàn ki aṣọ náà bọ abẹ́ fóòmù.

Ọ̀gá dìde fùú. "Kí ni mò ń wò yìí? Ọdún mélòó lo ti lò lábẹ́ mi?"

"Mọ́kànlá, mà."

"O wá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń di ẹrù sá lọ!"

Ó fa aṣọ yọ, ó ká igun rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí nọ́ọ̀sì tó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n mú, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró kámẹ́rà.

Nígbà tí àbúrò fi fọ́tò náà han Ọ̀gá, ó tẹjú mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀.

"Ta nìyí?" Ọ̀gá bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé báyìí ni mo ṣe ń rí tí mo bá ń ṣe é." Ó nu ojú. "Èyí ni kó o tẹ̀ fún mi. Kó tóbi ju tàwọn yòókù lọ."

Bí Ọ̀gá ṣe jáde báyìí, àbúrò gbé fóònù, ó pe olórí wọn níbi iṣẹ́ mítà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ fi ẹlòmíràn sípò mi." Ó tẹ́tí sí ìdáhùn. "Rárá, sà, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Mo ti níṣẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ba gbogbo igun tí Ọ̀gá ká jẹ́, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀.