Rósì Inú Jọ́ọ̀gì Ògì

"Daddy Dára, ta ló kú?"

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Títílọpẹ́ nìyẹn. Kò tíì bọ́ kóòtù tó wọ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Ó kàn rí Ṣẹ̀san, ọkọ ẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú òdòdó rósì lọ́wọ́, ló bá jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Mọ́mì mi ni àbí? Ẹ má fi pamọ́ fún mi."

Ẹ má bá a wí o. Ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣe care, iṣẹ́ ìtọ́jú, ní Crumpsall nílùú òyìnbó níbí, tí wọ́n bá ti ń gbé òdòdó wọlé, ẹnì kan ti lọ nìyẹn. Nílé lọ́hùn-ún náà ńkọ́? Lórí pósí la ti ń rí i.

Ṣẹ̀san ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní òun rí i ní ọjà Harpurhey lánàá ni, òun ní kóun rà á fún ìyàwó òun.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń rò ó pé, ìgbà wo la jọ jókòó kẹ́yìn?"

Bí ìyàwó bá ń wọlé látibi iṣẹ́ night, ọkọ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ morning nìyẹn, wọ́n á fa Dára ọmọ wọn lé ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyókù, voice note ni. Nínú bọ́ọ̀sì àárọ̀ yẹn gan-an ni Títílọpẹ́ ti gba ọ̀kan sílẹ̀ tí kò tíì fi ránṣẹ́: pé ó ti rẹ òun, òun fẹ́ mú ọmọ òun padà sí Ṣàgámù.

Ó gba àwọn rósì náà, ó gbóòórùn wọn. Wọ́n pupa fòò, wọ́n tutù lọ́wọ́. Ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ẹ̀, omi náà ń bọ́ lójú.

"Ẹ ṣé, olówó orí mi."

Ṣẹ̀san ní ó ti pẹ́ tóun ti gbọ́ orúkọ yẹn. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó sáré lọ bá bọ́ọ̀sì.

Wọn ò ní nǹkan tí wọ́n ń fi òdòdó sí. Inú jọ́ọ̀gì tí Títílọpẹ́ fi ń po ògì ló bu omi sí, ló kó wọn sí. Dára jókòó ti cereal, ó ń wò ó.

"Mummy, ṣé birthday yín ni?"

"Rárá. Daddy ẹ ló rántí mi."

Ó pa voice note inú bọ́ọ̀sì yẹn rẹ́. Ó gba òmíràn, oorun ti wà lóhùn ẹ̀: "Daddy Dára, mi ò ní lọ síṣẹ́ ní Sunday. Ẹ̀yin náà, ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ jẹun."

Ó fi ránṣẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà school Dára.