Ẹ Tẹ̀ Ẹ́

"Ẹ má so mí rọ̀ bí ẹran Iléyá," ni Kareem wí, ó sì gbé ojú kúrò lára ìgbànú awọ tí nọ́ọ̀sì ń gbé bọ̀. "Mo ti lé láàádọ́ta ọdún."

"Ẹ ò ní rọ̀, bàbá," ni nọ́ọ̀sì Oyèrónkẹ́ dá a lóhùn. "Ó kàn máa gba ara yín dúró ni, kí ẹ má baà ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá."

Kareem wo ojú ìyàwó rẹ̀. Safurat bá a gbé apá sókè. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ti pé. Mísítà Wẹ́bù, òyìnbó tó ń tún ìrìn kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá dá wólẹ̀ ní ọsibítù mísọ̀n kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1988 yẹn, ti là á yé wọn lánàá: bí ẹsẹ̀ ọ̀tún Kareem kò bá dá ẹ̀rọ ìkọ́nírìn lóhùn lónìí, kí wọ́n máa mú un lọ sílé, kí ẹlòmíràn lè rí àyè. Ọwọ́ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kò gbọ́.

Gàfárù, àbúrò Kareem, ti ń dúró níta pẹ̀lú mọ́tò tó fẹ́ fi gbé wọn padà sí Ọ̀yọ́. Láàárọ̀ ló ti fa Safurat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó wa, jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Ọwọ́ nìkan kọ́ la fi ń hun aṣọ nídìí òfì. Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá lè fẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, màá tú òfì wọn, kí ọmọ mi lè gbé tiẹ̀ síbẹ̀."

"Ó dáa, ọkọ mi," ni Safurat dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún títí di ìsinsìnyí. Òfì tí ọkọ rẹ̀ ti ń jókòó tì kí wọ́n tó fẹ́ra wọn, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n tú u, Kareem ò sì mọ̀.

Wọ́n de ìgbànú náà mọ́ Kareem láyà. Ọwọ́ Mísítà Wẹ́bù fúnra rẹ̀ ló to ẹ̀rọ yìí pọ̀: férémù irin gíga, ìgbànú tó rọ̀ láti òkè, àti pákó méjì nísàlẹ̀ tí wọ́n ń so ẹsẹ̀ aláìsàn mọ́. Bí iná bá ti dé, pákó kan á gòkè, èkejì á wálẹ̀, wọ́n á tún pààrọ̀, kí ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé ìrìn lè rántí. Ọjọ́ tí Safurat kọ́kọ́ rí i, ńṣe ló lanu sílẹ̀. Irin ló wá ń kọ́ ọmọ èèyàn ní ìrìn, iṣẹ́ tí ìyá ẹni ń ṣe.

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó ń kùn. Ẹsẹ̀ òsì Kareem ń bá pákó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tọ̀tún kàn wà lórí tiẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbé ru ẹlòmíràn ni.

"Ẹ gbé e, bàbá," ni Oyèrónkẹ́ ń wí. "Ẹ gbé e sókè."

"Mò ń gbé e. Kò gbọ́ ni." Òógùn ti bo Kareem lójú. Safurat di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú, kò sì rántí ohun tó yẹ kó kà.

Mísítà Wẹ́bù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí pákó. Ó ti ń kọ́ Yorùbá o, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ máa ń mú kí àwọn nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé, "Ẹ tẹ̀ lé e," kí Kareem lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ó wá gbé "lé" mì.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, bàbá," ni òyìnbó wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Oyèrónkẹ́ fẹ́ tún un ṣe, Safurat sì dì í lọ́wọ́ mú. Ó ti rí ojú ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Kareem máa ń sọ fáwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Igi méjì ló máa ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ahunṣọ: tó bá tẹ ọ̀kan, òwú kan á gòkè, èkejì á wálẹ̀, tó bá tẹ ìkejì, wọ́n á pààrọ̀. Tẹ̀ ẹ́. Tẹ ìkejì. Ta ló gbé ẹsẹ̀ nídìí òfì rí? Títẹ̀ la ń tẹ̀ ẹ́.

Kareem wolẹ̀, ó ń wo pákó méjèèjì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn.

"Safura," ó pè é jẹ́ẹ́. "Òfì ni wọ́n gbé mi sí."

Ó di ojú. Ó tẹ tòsì. Nígbà tó kan tọ̀tún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ká kò, itan rẹ̀ gbọ̀n, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ tòsì. Ó tún tẹ tọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n ń bọ̀, bí ẹni ń ju òwú láti ọ̀tún sí òsì, bẹ́ẹ̀ kò sí òwú kankan níbẹ̀.

Ni NẸ́PÀ bá mú iná lọ.

Fáànù òkè rọra dúró. Ẹ̀rọ dákẹ́. Oyèrónkẹ́ mí kanlẹ̀, ó nawọ́ láti tú ìgbànú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò débẹ̀ tó fi dúró. Pákó ṣì ń dún. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń wálẹ̀.

Mísítà Wẹ́bù wo fáànù, ó wo ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ, ó tún wo pákó. "Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" ó béèrè.

"Èmi ni," ni Kareem wí, kò lajú.

Omijé ń dà lójú Safurat, kò nù ún. Ó ti rí ọmọ tó rìn lẹ́ẹ̀kíní, mẹ́ta lòun fúnra rẹ̀ bí, kò sì sí èyí tó dà bí ohun tó ń wò yìí. Ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ra, ó jáde lọ bá Gàfárù.

"Ṣé ká máa lọ, ìyàwó wa?"

Safurat kúnlẹ̀ fún un bí ìyàwó ilé ti ń ṣe. "Ẹ máa lọ, ọkọ mi. A ṣì wà níbí."

Gàfárù na etí sí ojú fèrèsé. "Iná ti lọ. Kí ló wá ń dún nínú yàrá yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni. Wọ́n ń hun aṣọ." Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi fi aṣọ bo òfì wọn, kí eruku má baà kó sí i."