Ìgbẹ́ Tí Limota Tọrọ

Ká má purọ́, Limota ti Ìkàrẹ́ tóbi. Bó bá jókòó, àga á kérora, òun gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Marwa, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì Àkùngbá, ti ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún un: ọ̀rá àpọ̀jù dà bí iná tó ń jó jẹ́ẹ́ nínú ara, ó lè jó ìfun ńlá títí jẹjẹrẹ á fi wọlé síbẹ̀. Ó ní àwọn èròjà kan wà nínú ewúro àti àlùbọ́sà tó jọ pé wọ́n ń bu omi pa iná náà.

"Lára eku inú àgò la ti rí i o, Ìyá Àgbà. A ò tíì rí i dájú lára ènìyàn."

Ti eku yẹn ò wọ Limota létí. Ife omi ewúro kan ló fi ń sin òkèlè iyán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ikùn, ó ń pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rí bó bá yàgbẹ́ ńkọ́? "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣúgà ló fà á."

Ìyẹn já Marwa láyà. Ó gbé ike kékeré olómọrí fún un. "Ẹ bu ìgbẹ́ yín sí i, ẹ gbé e fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ ńkọ́? Ẹ̀rù ba Limota. Ló bá gun ọ̀kadà, ó di Ọ̀kà, ọ̀dọ̀ Zipporah ọ̀rẹ́ rẹ̀, àgbẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná, tí kì í ṣàìsàn.

"Zipporah, fún mi ní ìgbẹ́. Mo fẹ́ fi tan nọ́ọ̀sì."

"O ti gba iṣu, o ti gba ìró, ó wá ku ìgbẹ́!" Zipporah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mú ike wá. Àwọn tó sanra náà ti ń tọrọ lọ́wọ́ wa!"

Ní ọjọ́ kẹta tí Limota gbé ike náà fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè é wá. "Ìyá, a rí ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ yẹ ìfun yín wò kíákíá."

Limota bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ Zipporah mà ni! Bó bá dákẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè kú. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn á ní kó mú tirẹ̀ wá.

"Ọmọ mi, ìgbẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi."

Nọ́ọ̀sì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ jí ìgbẹ́?"

"Mo tọrọ ẹ̀ ni. Èmi kì í jalè."

Lọ́jọ́ yẹn náà ló padà sí Ọ̀kà. Nígbà tí Zipporah gbọ́, ó rọra gbé ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. "Èmi tí n kò lọ́ràá rárá?"

"Marwa ní ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń fà á."

Zipporah nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Màá lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò kọ́kọ́ ṣu."

Limota fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde lọ dá ọ̀kadà dúró. Ọlọ́kadà wo ìdí Limota, ó wo sìtì ọ̀kadà rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pe ọlọ́kadà kejì wá.