Irun Tí Wọ́n Pè Ní Ikọ́ Ife

Bí wọ́n bá ní kí Jamilah sọ ohun tó kó o nírìíra jù nínú ọ̀rọ̀ náà, kọ́ọ̀pù ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kọ́ọ̀pù tó fi ń mu omi láti ìgbà tó ti délé ọkọ ní Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn ni ìyá ọkọ rẹ̀, Àlhájà Ràbíátù, fi ọ̀dà pupa sàmì sí, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, tó ní ibẹ̀ ni kó ti máa mumi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́! Ẹ̀gbin wo ló tún ju èyí lọ?

Ikọ́ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ikọ́ lásán tó bá ọyẹ́ wá, tó kọ̀ tí kò bá ọyẹ́ lọ. Yésúfù, ọkọ rẹ̀, ní kó lọ ya ẹ́síréè àyà ní ilé àyẹ̀wò kan ní Bẹẹrẹ. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń ya àwòrán, kò sì sí obìnrin tó lè dúró tì í. Ó yẹ kí ọkùnrin yìí ní kó bọ́ híjàábù, kó sì di irun sókè kúrò lọ́rùn, nítorí Jamilah ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtáṣímẹ́ǹtì di irun gígùn, ó rọ̀ kọjá èjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kánjú.

"Ẹ má bọ́ nǹkan kan, Àlhájà, a mọyì ẹ̀sìn yín," ló wí. "Ẹ ṣáà gbé àyà síbẹ̀, kẹ́ ẹ má mí."

Inú Jamilah dùn. Ta ló fẹ́ ṣí orí fún ọkùnrin tí kò mọ̀ rí? Ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún un.

Kó tó jókòó dáadáa, èsì ti dé. Kọ̀ǹpútà ló ka àwòrán náà: ikọ́ ife ti mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lókè, lápá méjèèjì. Wọn ò yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò bi í léèrè ohun kan. Kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀, ó parí.

Àlhájà Ràbíátù gbọ́, ó já Abdulmumin, ọmọ oṣù márùn-ún, gbà lẹ́nu ọmú. Ọmọ ń mu ún lọ́wọ́ o! "Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi ni?" Ó gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀, ó ń po mílíìkì alágolo fún un. Yésúfù dúró, ó ń wo ilẹ̀. Géńdé ọkùnrin! Ojú tiẹ̀ ń tì í débi pé kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín oògùn, kí ará àdúgbò má baà rí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ti ń bá Jamilah jẹun nínú abọ́ kan náà ń fi ìborùn bo imú bó bá ń kọjá. Ó ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ láti yàrá kejì, wọn ò sì jẹ́ kó fojú kàn án. Ọmú rẹ̀ wú, ó ń fún wàrà dànù sí gọ́tà, ó ń kan, eṣinṣin ń bò ó.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Jamilah kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ó gba ọsibítù ìjọba kan lọ fún oògùn. Dókítà Esther tó bá níbẹ̀ gbé àwòrán náà síwájú iná, ó wò ó títí.

"Ìyá Abdulmumin, ẹ jọ̀ọ́, ṣé irun yín gùn lọ́jọ́ tí wọ́n ya èyí?"

"Irun kẹ̀?"

"Ẹ wo ìlà-ìlà yìí. Ó jáde kúrò nínú àyà, ó gba ọrùn yín lọ sókè. Ikọ́ ife kì í gun ọrùn."

Obìnrin kan mú un wọ yàrá, Jamilah ṣí orí, ó di irun sókè, wọ́n ya òmíràn. Ẹ̀dọ̀fóró mọ́ gaara. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Irun! Irun orí ni kọ̀ǹpútà pè ní àìsàn, ọmọ Ádámọ̀ kan ò sì yẹ ohun tó wí wò.

Bẹẹrẹ ló gbà lọ tààrà. Ezekiel, tó ni ilé àyẹ̀wò náà, ń jẹ gúgúrú lọ́wọ́. Jamilah gbé àwòrán méjèèjì síwájú rẹ̀, ó sọ ohun tí Dókítà Esther rí fún un.

"Dókítà wo ló wo àwòrán mi?"

"Dókítà wa ò sí n'Ìbàdàn, màdáámù. Orí fóònù ló ti ń fọwọ́ sí i."

"Ṣé ó wò ó?"

Ezekiel rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ wo gbogbo ìyẹn tán? Ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ ò ní ikọ́ ife. A ó ya òmíràn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́."

Lọ́fẹ̀ẹ́! Láti inú yàrá, ohùn ọkùnrin ọjọ́sí ń dún: "Ẹ má bọ́ nǹkan kan, Màmá." Itọ́ kún ẹnu Jamilah. Ó tu ú sílẹ̀ níwájú Ezekiel.

"Ẹ rí mi lára!" Ó wá pariwo sínú yàrá: "Màmá, ẹ bọ́ ọ o! Ẹ yọ ẹ̀gbà ọrùn, ẹ di irun yín sókè!"

Nígbà tó délé, tí Àlhájà Ràbíátù gbọ́ èsì tuntun, "Àlùhámúdùlíláàhì" nìkan ló sọ. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó gbé ọmọ wá. Jamilah jókòó, ó yọ ọmú síta. Abdulmumin wò ó, ó yí ojú kúrò. Ìyá rẹ̀ tún fi sí i lẹ́nu. Ọmọ fọwọ́ tì í dànù, ó figbe ta, ó na apá méjèèjì sí ìyá àgbà.

Àlhájà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ó ti gbàgbé ẹ! Gbé e wá, jẹ́ n po mílíìkì ẹ̀ fún un."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Ìyá."

Kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ó gbé ọmọ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Abdulmumin ń ké, ó ń jà kúrò láyà ìyá tó bí i. Jamilah fún ìwọ̀nba wàrà tó kù sí i létè, ó sì tún gbé ọmú sí i lẹ́nu.